Láti Èbúté Venice dé Marina: Ibi Tí Owó Ti Kọ́ Láti Máa Bí Owó

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ẹnu ọ̀kan nínú yín ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti jáde. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan níhìn-ín ní Èjìgbò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ télọ̀ dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ó ní, "Bàbá Àlùfáà, ẹ ti wàásù lórí èlé, mo sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n máṣíìnì ìránṣọ ni mo fẹ́ rà. Ta ni yóò fún mi lówó láìgba èlé? Àwọn tí wọ́n mọ̀wé sọ fún mi pé bí òwò ayé ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, pé bí kò bá sí èlé, òwò kò lè dúró." Mo fún un ní ìdáhùn tí ó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Apá kan ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀sìn, èyí tí mo dáhùn. Apá kejì jẹ́ ti ìtàn, ìtàn náà kò sì rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, wọ́n ṣí mọ́sáláṣí ńlá kan ní òpópó Martins ní erékùṣù Èkó. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí a bí ní Sàró, tí ó sì rí ọrọ̀ nínú òwò orí odò Ọya, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò òyìnbó tí ó gba Islam ní ìlú Liverpool, ni ó wá ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì níbẹ̀, oyè Bey tí Sultan fi dá Shitta lọ́lá sì mọ́ orúkọ rẹ̀ lára títí di òní. Ní ọdún 1894 yìí kan náà ni wọ́n dá Bank of British West Africa sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí First Bank lónìí. Ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ ni Alfred Jones, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster, tí ibùjókòó òwò rẹ̀ wà ní Liverpool kan náà. Ìlú kan ṣoṣo ni ó rán aṣojú sí mọ́sáláṣí wa tí ó sì rán báǹkì sí èbúté wa láàárín ọdún kan. Òwò ẹrú ni ó sọ Liverpool di ọlọ́rọ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọgbọ́n owó tí ó ń lò, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti kọ́ ọ. Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ọ lọ́dọ̀ Amsterdam. Amsterdam kọ́ ọ lọ́dọ̀ Antwerp àti Bruges. Gbogbo wọn ni ó sì jẹ àwọn ìlú èbúté ilẹ̀ Ítálì ní gbèsè ìmọ̀. Ibẹ̀ ni orísun odò náà wà, ibẹ̀ ni kí a lọ.

Ní ọ̀rúndún kejìlá, Venice àti Genoa kò ní ilẹ̀ oko tí ó tó nǹkan. Òkun ni oko wọn. Ẹni tí ó ní owó ṣùgbọ́n tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́ yóò wá ọ̀dọ́ tí ó ní agbára ṣùgbọ́n tí kò ní owó. Wọn yóò jọ lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé àdéhùn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, ọ̀dọ́ náà yóò sì gbé ọjà lọ sí Alẹkisáńdíríà tàbí sí Síríà. Bí ó bá padà dé ní àlàáfíà, olówó yóò mú ojú owó rẹ̀, wọn yóò sì pín èrè. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ ti olówó, ìdá kan tí ó kù jẹ́ ti ẹni tí ó rìn. Bí ọkọ̀ bá rì, tàbí bí olè orí omi bá kó ọjà lọ, owó olówó ti lọ nìyẹn, làálàá ọ̀dọ́ náà ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè. Commenda ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ìwé àwọn akọ̀wé Genoa láti àárín ọ̀rúndún náà ṣì wà títí di òní, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sì kún inú wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí ní yunifásítì, mo pa ìwé dé, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ní ilé kéú, lórí ẹní, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò gbọ́ orúkọ Genoa rí láyé rẹ̀. Qirāḍ ni. Imām Mālik, tí ó kú ní ọdún 795, ya odindi ìwé kan sọ́tọ̀ fún un nínú Muwaṭṭaʾ rẹ̀, ìtàn tí ó sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ti àwọn ọmọ Sayyidinā Umar méjì, Abdullāh àti Ubaydullāh. Wọ́n bá ọmọ ogun lọ sí Írákì. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Abū Mūsā al-Ashʿarī, tí ó jẹ́ gómìnà Basra, ní owó ìjọba lọ́wọ́ tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Mẹdínà. Ó yá wọn lówó náà, pé kí wọ́n fi ra ọjà Írákì, kí wọ́n tà á ní Mẹdínà, kí wọ́n dá ojú owó padà, kí wọ́n sì jẹ èrè. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jèrè. Nígbà tí Umar gbọ́, ó béèrè bóyá gbogbo ọmọ ogun ni Abū Mūsā yá ní irú owó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá. Ó ní nítorí pé wọ́n jẹ́ ọmọ olórí onígbàgbọ́ ni. Kí wọ́n kó owó àti èrè wá. Abdullāh dákẹ́. Ubaydullāh kò dákẹ́: ó ní bàbá òun kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí owó náà bá sọnù tàbí tí ó dín, àwọn ni ìbá san án. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó wá dá a lábàá pé kí Umar sọ ọ́ di qirāḍ. Umar gbà: ó mú ojú owó àti ìdajì èrè fún ìjọba, àwọn ọmọ méjèèjì sì mú ìdajì kejì.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ Ubaydullāh gbé yẹ̀ wò. Ẹni tí àdánù yóò wà lọ́rùn rẹ̀ ni ó ní ẹ̀tọ́ sí èrè. Òun ni òpó tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti fẹ́ fò sókè pé òyìnbó jí i lọ́wọ́ wa. Ẹ fara balẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn lórí ibi tí commenda ti ṣẹ̀, qirāḍ fúnra rẹ̀ sì ti wà láàárín àwọn Lárúbáwá kí Islam tó dé; irú rẹ̀ ni Ànábì wa fi owó Khadījah ṣe lọ sí Síríà. Ohun tí ó dájú ni pé qirāḍ ti wà lákọsílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta kí àwọn ìwé Genoa tó bẹ̀rẹ̀, àti pé àwọn oníṣòwò ìlú méjèèjì ń bá Mùsùlùmí ṣòwò ní Alẹkisáńdíríà. Ohun kan tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ ni òǹkà. Leonardo ará Pisa, tí a mọ̀ sí Fibonacci, kọ́ òǹkà tí gbogbo ayé ń lò lónìí ní Bijāya, ní ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn oníṣòwò ìlú wọn. Ní ọdún 1202 ó kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé náà sì kọ́ àwọn oníṣòwò Ítálì bí a ṣe ń ṣírò èrè, bí a ṣe ń pín in láàárín alájọṣe, àti bí a ṣe ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó.

Níbo wá ni ọ̀nà ti yà? Ogun ni ó yà á. Venice ń jagun, owó kò tó, ìjọba sì ń fi tipátipá yá owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú. Ní ọdún 1262 wọ́n kó gbogbo gbèsè náà jọ sójú kan, wọ́n sì ṣe ìlérí pé ìjọba yóò máa san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí ó yá, ìwé gbèsè náà di ohun tí a ń tà tí a ń rà bí aṣọ àti ata. Ẹni tí ó ní ìwé yìí kò bìkítà bóyá ọkọ̀ rì tàbí ó gúnlẹ̀. Owó jókòó sílé, ó ń bí owó. Genoa náà ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1407 àwọn tí ó yá ìlú náà lówó dá ilé San Giorgio sílẹ̀, wọ́n sì ń gba owó-orí ìlú fúnra wọn láti fi san gbèsè wọn.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀sìn tiwọn gbà á láàyè. Ìpàdé àwọn olórí ṣọ́ọ̀ṣì ní Róòmù ní ọdún 1179 pàṣẹ pé kí a má ṣe gba afèléyáni tí gbogbo ayé mọ̀ sínú ìjọsìn, kí a má sì sin ín ní ìsìnkú onígbàgbọ́. Nítorí náà àwọn onílé owó wá ọgbọ́n. Wọn yóò gba owó ìlú Florence lónìí, wọn yóò kọ ìwé pé a ó san án padà ní Bruges tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ní owó ibẹ̀. Inú pàṣípààrọ̀ náà ni èlé ti fara pamọ́. Ìdílé Medici, tí ó dá báǹkì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1397, mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Kí a má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín jù. Ḥīla ni a ń pè é nínú fikihi, àwọn àlùfáà tí ó kọ́ ènìyàn ní irú rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín tiwa náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1545 ni òfin Ọba Henry Kẹjọ kọ́kọ́ fi àyè gba èlé tí kò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n fagi lé òfin náà ní 1552, wọ́n sì tún dá a padà ní 1571. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé tí wọ́n sọ fún télọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún nìyẹn. Amsterdam mú ìmọ̀ náà gbòòrò: ní 1602 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ òwò ìhà Ìlà-Oòrùn sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè ra ìpín nínú rẹ̀ kí ó sì pín nínú èrè àti àdánù. Lójú tèmi, ọmọ commenda ni ìpín yẹn jẹ́, kò sì sí aburú nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Aburú rẹ̀ ni ìbọn tí wọ́n gbé lọ́wọ́ lọ ra ata. Lẹ́yìn náà ni Lọ́ńdọ̀nù dá Bank of England sílẹ̀ ní 1694. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí báǹkì náà ṣe ni pé ó yá ìjọba ní £1,200,000 ní èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, láti fi bá Faransé jà. Ogun, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkó wàyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá lára. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ń ná, láti erékùṣù Maldives, ilẹ̀ Mùsùlùmí nínú òkun Íńdíà, ni ó ti wá. Ibn Baṭṭūṭa, tí ó ṣe àlùkálì níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1343, kọ ọ́ sílẹ̀ pé 400,000 ẹyọ ni ó ń lọ fún dínárì wúrà kan níbẹ̀, àti pé ní ilẹ̀ Málì, ẹyọ 1,150 péré ni ó tó dínárì kan náà. Àwọn ará Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ ìṣirò yìí yé. Wọ́n kó ẹyọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti Íńdíà, wọ́n sì fi ra ènìyàn ní etí òkun wa. Nígbà tí òwò ẹrú ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òwò epo pupa dé, ilé-iṣẹ́ O'Swald láti Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ń kó ẹyọ Zanzibar wọ Èkó ní àwọn ọdún 1850, títí iyì ẹyọ fi wálẹ̀ tí ọ̀kẹ́ kan kò fi ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá tà tàbí tí ó ń dá fi dógò. Ìwé yìí ni ó sọ ilẹ̀ di ohun tí oníṣòwò òyìnbó lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gba ọjà àwìn. Ọmọ Èkó yóò gba aṣọ, ọtí, tábà àti iyọ̀ láwìn, yóò fi ìwé ilé rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì rán ọjà náà lọ sí òkè láti fi kó epo àti èkùrọ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà ogun dé. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ti Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò sì parí títí di 1893. Ọ̀nà ń dí, ọ̀nà ń là. Ọjà há sí ọ̀nà, epo kò wá, iye epo sì tún ń já wálẹ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró. Ọ̀nà Ìbàdàn tí ó dí kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ Genoa tí ó rì. Nínú commenda, nínú qirāḍ, olówó àti aláìlówó yóò jọ ká ọwọ́ lérí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Manchester kò fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà dí. Ó ní ìwé ilé lọ́wọ́. J. P. L. Davies, ọmọ Sàró, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lówó jù ní Èkó nígbà náà, ọkọ Sarah Forbes Bonetta tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́, gbèsè ilé-iṣẹ́ òyìnbó gbé e dé ilé-ẹjọ́, ní ọdún 1876 wọ́n sì kéde pé apá rẹ̀ kò ká gbèsè mọ́. Ó gba oko lọ sí Ìjọn, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ wa. Olówó ni, ó rí ibi sá sí. Àwọn tí kò lórúkọ tí ilé wọn lọ bẹ́ẹ̀ kò níye.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá sọ pé òyìnbó ni ó kó èlé wọlé. Ìwọ̀fà ńkọ́? Ẹni tí ó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé, ojú owó kò sì dín pẹ̀lú kọ́bọ̀ kan. Ó lè sìn títí orí rẹ̀ yóò fi hewú. Samuel Johnson, tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ròyìn ológò pẹ̀lú, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó sí ilé onígbèsè, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa bú u, tí yóò máa mú adìẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí, títí ojú yóò fi ti gbogbo agboolé tí wọn yóò sì dá owó náà san. Mo rò pé ológò ti kú, àfi ìgbà tí àwọn ilé ayánilówó orí fóònù dé. Ìyá kan nínú jámáà wa gbé fóònù rẹ̀ wá fi hàn mí. Ó ti yá owó kékeré láti fi kún ọjà rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ayánilówó náà kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù náà pé olè ni. Èmi náà rí i gbà. Àna rẹ̀ rí i gbà. Ìwà yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà fi ní láti gbé ìlànà jáde fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022. Ológò ayé òde òní kò nílò ẹnu ọ̀nà mọ́. Àpò aṣọ rẹ ni ó ń jókòó sí.

A kì í ṣe aláìní nǹkan kan. Báǹkì Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012, TAJBank ní 2019, Lotus Bank ní 2021. Ìjọba àpapọ̀ sì gba ₦100 bílíọ̀nù nípa ṣúkúùkù ní 2017 láti fi ṣe ọ̀nà. Mo yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kárí ayé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn báǹkì bẹ́ẹ̀ ni pé wọn yóò ra ọjà, wọn yóò sì tà á fún ọ láwìn pẹ̀lú àfikún tí a ti mọ̀. Ó tọ́ lójú fikihi. Síbẹ̀ kò tíì dé ibi tí Ubaydullāh dúró sí, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tí kò ní ìwé ilé.

Àwa gan-an ńkọ́, àwa tí a ń wàásù? Èyí ni ìdáhùn tí mo jẹ télọ̀ náà ní gbèsè. A sọ fún un pé ọ̀nà kan wà ní títì, a kò sì ṣí òmíràn fún un. Àwọn ará Genoa, tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, fún ọ̀dọ́ tí kò ní nǹkan ní owó, wọ́n sì gbà láti bá a rì. Owó jámáà tiwa jókòó sí báǹkì, ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò tó fún òṣùmàrè gíláàsì àti gọ̀bì. Nígbà tí mo sọ èyí ní ìpàdé ìgbìmọ̀, alàgbà kan bi mí léèrè pé bí ọmọ náà bá kó owó wa sá lọ ńkọ́. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Àwọn ará Venice náà béèrè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní akọ̀wé àdéhùn àti ìwé ìṣirò. Qirāḍ láìsí àkọsílẹ̀ ìjà ni yóò dá sílẹ̀, Àlùkùránì Alápọ̀nlé sì ti pàṣẹ àkọsílẹ̀ fún wa nínú āyah tí ó gùn jù lọ nínú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí owó jámáà. Ṣùgbọ́n àwa méje kó owó jọ láti inú àpò ara wa. A fi owó náà ṣe òwò aṣọ pẹ̀lú ọ̀dọ́ náà, máṣíìnì wà lára ohun tí a rà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè jẹ́ tirẹ̀, ìdá kan jẹ́ tiwa, bí àdánù bá dé láìsí ẹ̀bi rẹ̀, tiwa ni. Oṣù kẹta kò mú èrè kankan wá, nítorí iná mànàmáná àti iye epo jẹnẹrétọ̀, a kò sì gba nǹkan kan. Oṣù kẹrin jẹ́ oṣù Iléyá, ó sì san. Ìwé ìṣirò rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ wò ó kí ó yọjú lẹ́yìn àsàláátù ọjọ́ Àìkú, kí ó mú bírò lọ́wọ́.